Aṣọ Òjò Ṣọ́jà

Òórùn sólúṣọ̀n lọ́dọ̀ fọ́kánásà kan ní Ọjà Igbó ló rán mi létí ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo tẹ̀lé e lọ sí ọjà Akẹ̀sán, ó ń yan àlòkù aṣọ òjò ṣọ́jà fún bàbá mi tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síṣẹ́. Ó da omi sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú èyí tó ya. Ojú tì mí.

“Ìyá Rámá, ṣé asẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe ni?” ni Làmídì tó ń tà á wí.

“Ihò kan ló ní. Àwọn yòókù ń jò káàkiri.”

Nílé, ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi sólúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé dókítà ti kìlọ̀ pé òjò ò gbọdọ̀ kan àyà bàbá mi mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá wọ aṣọ òjò náà wọlé nínú òjò ńlá. Ìyá ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbẹ.

“Ẹ jókòó,” ló wí, “oúnjẹ ń tutù.”