Kéèkì Olóyún ti Màmá Ìkọ̀lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kéèkì kì í wá láti inú páálí. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ń wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ kéèkì níbi ìgbéyàwó ní Ìkọ̀lé láyé ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jẹ nínú èyí tí èmi pò.

Òmù-Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn. Kò mọ ìwé kà, ó sì ń dùn ún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Ìkọ̀lé, ó ń ṣe kéèkì tà. Òun ló wá bẹ bàbá mi pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé ilé ìwé kò jìnnà sí ilé òun, ọ̀fẹ́ sì ni. Bàbá mi di iṣu fún un, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Lójú ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló bá mi sọ: ó ní tí mo bá ti mọ ìwé kà, òun náà mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Màmá Ìkọ̀lé ni mo ń pe obìnrin náà. Kéèkì rẹ̀ ní ohun kan tí ti àwọn yòókù kò ní. Bí ó bá ti jinná tí ó sì ti tutù, yóò fi ọ̀bẹ ṣí orí rẹ̀ bí ẹni ṣí ìkòkò, yóò gbẹ́ àárín rẹ̀, yóò da kọ́sítáàdì tó ki sínú ihò náà, yóò sì fi orí rẹ̀ dé e padà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kàn gé e, kọ́sítáàdì yóò sì máa rọra yọ bọ̀ lára ọ̀bẹ. Kéèkì olóyún ni àwọn ará ìlú ń pè é. Níbi ìgbéyàwó, àwọn ọkùnrin a máa yọ ìyàwó lẹ́nu pé kéèkì ti ṣáájú rẹ̀.

Èmi ni mo ń jọ̀ iyanrìn. Èmi ni mo ń tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, tí mo ń dáná sí i títí yóò fi gbóná, kí á tó gbé agolo kéèkì lé e lórí, kí á dé e, kí á sì kó ẹyín iná lé ọmọrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gan-an ni bọ́tà àti ṣúgà. Màá fi abọ́ tánganran sáàárín orúnkún méjèèjì, màá máa fi ṣíbí igi pò ó títí apá mi yóò fi kú. Màmá Ìkọ̀lé yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò fi ìka méjì ra á. Bí ó bá gbọ́ hóró ṣúgà kan, yóò ní, "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀." Èmi náà yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé kejì, tí wọ́n bá ṣẹ̀, wọn a máa kúnlẹ̀ kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Màmá Ìkọ̀lé kò fi irú ìyà yẹn jẹ mí rí, kí ọwọ́ má baà rẹ̀ mí. Orí ni ó máa ń fi eegun ìka gbá. Orí kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe nínú ilé náà.

N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn ohun tí ó ń gbẹ́ jáde láti àárín kéèkì. Tèmi ni. Ó máa ń rọ̀, ó máa ń rùn bí bọ́tà àti èéfín díẹ̀. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, màá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà tètè tán, màá sì máa wo àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ìwé pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ wọ ilé ìwé nígbà náà. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, bí ìka rẹ̀ bá ti kan etí kejì, ó tó ìwé í kà. Bí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé, Màmá Ìkọ̀lé yóò ní kí n gbé ọwọ́ mi. Yóò wò ó, yóò ní kò tíì kàn dáadáa. Mo mọ̀ pé ó kàn. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi bo etí náà pátá. Ó wá mú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní, "Ulé ùwé kò níí sá lọ." Gbogbo ìgbà tí ilé ìwé bá wọlé ni ìgbéyàwó kan máa ń wà nílẹ̀ tí a fẹ́ ṣe kéèkì rẹ̀.

Mo ti ń lọ bí ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí bàbá mi gbé iṣu wá kí wa. Ó mu omi, ó kí àbúrò rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ti kọ́ mi. Kí n tó la ẹnu, Màmá Ìkọ̀lé ti na ọwọ́ sí agolo kọ́sítáàdì tó wà lórí pẹpẹ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ka èyí fún bàbá rẹ."

Kò sí ohun tó wà lára agolo yẹn tí n kò mọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ń ro kọ́sítáàdì ni òun fúnra rẹ̀ máa ń kà á sí mi létí, pé kí n fi omi tútù pò ó ná, kí n tó da omi gbígbóná sí i. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Mo fi ìka lé ara agolo, mo ń fà á lọ láti òsì sí ọ̀tún bí mo ti rí i tí ó ń ṣe, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá mi ṣí fìlà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà. Nígbà tí yóò lọ, Màmá Ìkọ̀lé di kéèkì fún un. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà ìkórè, ó ránṣẹ́ pè mí wá sí Òmù. Ó ti dá aṣọ fún mi. Kò sọ ohunkóhun fún mi, torí ó fẹ́ kí inú mi dùn lójijì. A jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbọ́ tí olùkọ́ ìjọ pe orúkọ mi pé kí n wá ka ẹ̀kọ́ kejì. Bàbá mi rọra fi apá tì mí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo gòkè lọ. Wọ́n ti ṣí Bíbélì sílẹ̀ dè mí. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò sí àwọ̀, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Mo fi ìka lé e láti apá òsì, kò sì sí ohùn kankan tó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ó ti gbàgbé gíláàsì rẹ̀ sílé." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó rìn wá síwájú láàárín gbogbo wọn, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "Jẹ́ á lọ ulé."

Nígbà tí a délé ni ó béèrè ọ̀rọ̀ agolo, mo sì sọ fún un. Ní ọjọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, aṣọ mi nìkan ni ó gbé bọ̀. N kò mọ ohun tí òun àti àbúrò rẹ̀ bá ara wọn sọ. Mo mọ̀ pé kò jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó mú mi wọ kíláàsì kìíní ní Òmù láàárín àwọn ọmọ tí kò ga ju ìgbáròkó mi lọ. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Àlejò kan wá wo ilé ìwé wa, èmi ni ó kọ́kọ́ bọ̀ lọ́wọ́, ó rò pé èmi ni tíṣà. Mo fara dà á, mo kàwé. Ṣùgbọ́n bàbá mi kú kí n tó ka ìwé mẹ́fà tán. Iṣẹ́ oko kò jẹ́ kí a ráyè jókòó pọ̀ kí n kàwé sí i létí. Agolo yẹn nìkan ló gbọ́ tí mo kà láyé rẹ̀. Màmá Ìkọ̀lé gbé kéèkì wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gé e.

Lónìí, èmi nìkan ló kù nínú ilé mi, ìyàwó mi ti lọ. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ó sì máa ń wá wò mí ní Sátidé. Láìpẹ́ yìí ó gbé páálí méjì wá. Ọ̀kan jẹ́ ti kéèkì: fúláwà, ṣúgà àti páúdà tó ń mú un wú ti wà nínú rẹ̀ papọ̀. Ó da ẹyin, òróró àti omi sí i, ó fi ẹ̀rọ iná mànàmáná pò ó, ó sì tì í sínú ààrò gáàsì. Èkejì jẹ́ ti ohun tó dà bíi kọ́sítáàdì. Mílíìkì tútù ni ó fi pò ó, kò gbé e ka iná rárá, ó sì ki fúnra rẹ̀. Ó fi ìdí ṣíbí dá ihò sára kéèkì, ó dà á sí i. Aṣọ tí mo fọ̀ kò tíì gbẹ lórí okùn tí kéèkì fi wà lórí tábìlì. Mo jẹ ẹ́. Ó dára.

Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa sọ pé oúnjẹ àtijọ́ ládùn ju ti ìsinsìnyí lọ. Ó ládùn. Mo mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àti páálí ń ṣe lónìí, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, wọn a sì máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé ilé ìwé ni ó wà.

Ọmọ mi ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí pé mo mọ kéèkì inú iyanrìn ṣe. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní Sátidé tó ń bọ̀." Ó fẹ́ fi fóònù ya á kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i. Mo ní mo ti gbàgbé. Kò sí ohun tí mo gbàgbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun wọ ilé ìwé nígbà tó yẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ náà, n kò sì ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé kó máa ra ti inú páálí.