Ẹ Jẹ́ Kí Boaz Sùn

Nígbà tí Boaz wà ní kékeré, oorun ni wọ́n fi ń bú u nílé wa ní Kabba. Bí a bá rán an lọ pọnmi, ó lè sùn sẹ́bàá odò. Màmá wa á ní, "Ọmọ yìí, bí olè bá wọlé, tìwọ tẹní ni wọn ó jọ gbé lọ." Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn, ẹ̀yìn mi ló sì ti kọ́kọ́ mọ oorun ún sùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ara Boaz yàtọ̀ sí ti àwa yòókù, pé irin ni Ọlọ́run fi ṣe é. Irọ́ ni! Ẹran ara ni, bíi tèmi, bíi tiyín.

Agatha ni orúkọ mi. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu mi kò sì dùn, gbogbo Kabba ló mọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá bí nínú, kó wá bá mi nílé.

Boaz ṣe tíṣà díẹ̀ kí ìpè tó dé. Lọ́jọ́ tó sọ fún wa pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀, bàbá wa, àgbẹ̀ oníṣu, ń nu erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko pàápàá, a máa ń fi í sílẹ̀ kó sinmi." Boaz rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, a rò pé àgbà ń ṣe àwàdà.

Odo-Ape ni wọ́n gbé e lọ níkẹyìn, níbi tí ìjọ kan wà, tí àwọn ìjọ kéékèèké inú oko tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn kiri láàárín wọn. Wọ́n bímọ, Boaz. Wọ́n kú, Boaz. Ọkọ àti aya jà, Boaz ni wọ́n máa wá jí. Ọjọ́ Ẹtì, ó wà níbi àìsùn òkú. Sátidé, ó wà lẹ́bàá sàréè. Sọ́ńdè, ó ti wà lórí pẹpẹ, ohùn rẹ̀ ti há. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé sì ti ń dà wá láàmú lọ́nà oko, ọ̀rọ̀ tún bọ́ sórí fóònù. Ẹni tó ń lọ sóko á pè é ní ìdájí pé kó gbàdúrà fún òun. Bó bá dé, á tún pè é pé òun ti dé. Ẹni tí kò bá wá pè pé òun dé ńkọ́? Boaz kò ní lè fọwọ́ kan oúnjẹ títí yóò fi gbọ́ ohùn onítọ̀hún. Ọmọ́ṣọlá ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ọbẹ̀ máa ń tutù lórí tábìlì, pé òun á gbé e kaná, á tún tutù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá ti ń gbààwẹ̀, ìjọ yẹn kì í sì í pẹ́ gbààwẹ̀, Boaz á pa oògùn tì. Ó ní gbígbé omi mì ń ba ààwẹ̀ jẹ́.

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Jésù ni àbí àwọn alàgbà?"

Ó ní, "Àǹtí mi, àwọn èèyàn ń wò mí."

"Kí wọ́n máa wò ẹ́! Ṣé ojú wọn ni yóò bá ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èèyàn kì í lè bá Boaz jà, ẹ̀rín ni yóò fi pa ìjà náà.

Olórí àwọn alàgbà wọn ni Bàbá Josiah. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣì í mú. Kò sí ìgbà ìkórè tí kì í kó iṣu wá fún Boaz. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un pé pásítọ̀ yín ti rù, á ní, "Màmá, iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani." Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún ẹṣin tí wọ́n gùn pa.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ níbi ìsìnkú kan nígbà òjò. Boaz dúró lẹ́bàá sàréè, Bíbélì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dárúkọ olóògbé, kò rántí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni olóògbé yẹn o! Ó wo ojú àwọn èèyàn, ó wo inú kòtò, orúkọ kò wá. Ọmọ́ṣọlá pè mí, ó ń sunkún. Mo gba ọkọ̀ lọ, mo kó tọkọtaya wá sí Kabba, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, oṣù mẹ́ta. Kò sí ìwàásù, kò sí ààwẹ̀, kò sí àlejò. Ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì sùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọpárọsẹ̀ ni yóò kàn, ìyẹn bí kì í bá ṣe ikú." Ó yíjú sí Ọmọ́ṣọlá, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ mi, Ìyáàfin?" Ọmọ́ṣọlá ní òun gbọ́. Èmi náà gbọ́. Ṣé Boaz gbọ́ ṣá?

Mi ò jẹ́ kí wọ́n padà sí Odo-Ape. Mo fún wọn ní yàrá ẹ̀yìn nílé mi, níbi tí ariwo títì kì í dé. Mo gba fóònù Boaz, mo rì í sínú àpò gààrí. Mo sọ fún Bàbá Josiah pé dókítà ní kó sinmi, n kò sọ ibi tó wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Boaz sùn! Ó sùn títí tí Ọmọ́ṣọlá fi ń wọlé lọ gbé ọwọ́ lé e láyà, bóyá ó ṣì ń mí. Á jí, á jẹ iyán, á tún padà lọ sùn. Mo ń gbọ́ híhanrun rẹ̀ láti ilé ìdáná, inú mi ń dùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó máa ń jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé, á máa bá mi bẹ iṣu, á máa bá mi ṣẹ̀fẹ̀ pé èmi ni mo jẹ ẹran kan tí wọ́n torí rẹ̀ nà án nígbà tó wà lọ́mọdé. Irọ́ ni o, òun ló jẹ ẹ́. Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọkọ òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò dún. Boaz dìde jókòó lórí ibùsùn, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

Mo ní, "Níbo?"

Ó ní, "Ta ni ó ń bójú tó wọn báyìí, Àǹtí mi?"

Mo ní, "Ọlọ́run tó ni wọ́n ńkọ́? Ṣebí Jésù gan-an sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, ìjì ń jà, ó gbé orí lé ìrọ̀rí. Ṣé kò mọ iṣẹ́ ni?"

Ó so okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n sì jí i náà."

Ọmọ tí mo pọ̀n! Mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo gbé bàtà jáde.

N kò mọ̀ pé ó ti bẹ Ọmọ́ṣọlá kó yá òun ní fóònù. Ẹ má bá obìnrin náà wí, bí Boaz bá bẹ òkúta, òkúta á dá a lóhùn. Ó pe Bàbá Josiah, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo àwọn tó ń lọ sóko ń bọ̀ ní àlàáfíà. Inú Bàbá Josiah dùn: ohùn Pásítọ̀ ti padà! Ó bi í léèrè ibi tó wà. Boaz kì í purọ́. Ó sọ fún un.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo gbọ́ orin kí n tó rí wọn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn alàgbà, iṣu, òróró, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń kí mi ní èdè agbègbè wa, "Okun o, Màmá! Okun o!" Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá gbọ́ pé èèyàn òun ń ṣàìsàn tí kò yà kí i, ọ̀tá ni. Aláìsàn tí ilé rẹ̀ bá sì dá páropáro, wọ́n á ní ó ní ohun tó fi ayé ṣe. Àwọn ará Odo-Ape kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn pa pásítọ̀ àwọn tì. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni mo sì fi ara dí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ó ń sùn. Ẹ fi iṣu sílẹ̀, kí ẹ máa lọ."

Bàbá Josiah rẹ́rìn-ín. "Màmá tíṣà! Ẹ jẹ́ ká fojú kàn án lásán. A ò ní pẹ́."

"Dókítà ní kò sí àlejò!"

Obìnrin kan ní, "Ṣé àwa wá di àlejò sí Pásítọ̀ wa?"

Ibẹ̀ la wà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Boaz ti wọ kóòtù. Ó ti de táì. Nínú ooru ọ̀sán yẹn! Wọ́n hó yèè, wọ́n bú sórin, wọ́n sì gbà mí kọjá wọlé bí ẹni pé aṣọ ìkélé ni mí lẹ́nu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá kàn wò ó kí wọ́n sì lọ ni, bóyá. Ṣùgbọ́n Boaz kì í jẹ́ kí ẹni tó wá kí i lọ láìgbàdúrà fún un. Ó ní bí ẹni tó lé èèyàn jáde pẹ̀lú ebi ni. Kì í sì í gbà á pọ̀ fún gbogbo wọn, kálukú ló máa ń gbé ọwọ́ lé lórí. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí, ọmọ rẹ̀ kò ríṣẹ́. Èyí, ọkọ rẹ̀ kò padà láti Abuja. Èyí, inú ń run ún. Ọmọ́ṣọlá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu òógùn ojú ọkọ, ó rọra ń sọ pé, "Ó tó báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ó tó." Ta ló gbọ́?

Bó ṣe gbé ọwọ́ lé Bàbá Josiah fúnra rẹ̀ lórí, gbogbo èèyàn inú ilé dijú. Èmi nìkan ni mo lajú sílẹ̀, nítorí inú ń bí mi, n kò sì lè bá wọn ṣe Àmín. Boaz ní, "Olúwa, ìránṣẹ́ rẹ yìí," ó dákẹ́. Mo ń wò ó. Apá kan ẹnu rẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí bàbá náà, ó rọ̀ dirodiro. Gbogbo wọn di ojú, wọ́n ń dúró, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló gbé e. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Máa sọ̀rọ̀, Olúwa."

Mo kígbe. "Ẹ lajú! Ẹ lajú yín, ó ń kú!"

Ẹnì kan ní, "Ṣ-ṣ-ṣ, Màmá, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀mí ṣiṣẹ́."

Ìgbà tó ṣubú lu Bàbá Josiah ni wọ́n tó lajú.

Adétáyọ̀ aládùúgbò mi ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. A tẹ́ Boaz sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi, Ọmọ́ṣọlá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Mo já táì náà lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ojú kan ni o, ó ń wá mi kiri. Ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo fetí sí i, mo gbọ́ ọ.

Ó ní, "Àǹtí mi... ṣé wọ́n ti lọ?"

Mo wo ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀sì wọn ń sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ti ṣí gbogbo fèrèsé, ohùn àdúrà wọn gba títì kan.

Mo ní, "Wọ́n ti lọ, Boaz. Gbogbo wọn ti lọ. Sùn."

Ó mí kanlẹ̀, ó di ojú. A kò tíì dé ilé ìwòsàn tí èémí fi tán lára rẹ̀ lọ́wọ́ mi.