Irin Tí Mo So Mọ́ Tírígà

Èmi ni mo kọ́ ọmọbìnrin náà bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo, torí òun gan-an ló ń dùn mí títí dòní. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ibùdókọ̀ Bọ́ládé, kò mọ èjìká tí wọ́n ń fi ìdí ìbọn tì. Ìbọn alátẹ́gùn la ń lò, èyí tí ọta rẹ̀ ò tó hóró ẹ̀wà, a sì máa ń yìn ín sí páálí tí òbìrìkìtì dúdú wà láàárín rẹ̀.

Ilé ìfọṣọ kan ní Máfólúkù ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń lọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú láti àárọ̀ dalẹ́. Bóyá áyọ́ọ̀nù yẹn ló mú ọwọ́ rẹ̀ dúró, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárín ọdún méjì, ó ti kúrò ní kíláàsì kẹta, ó ti kọjá ìkejì, ó ti wọ kíláàsì kìíní. Máàkì tí èèyàn bá ń gbà léraléra ni wọ́n fi ń pín wa, kì í ṣe ọjọ́ orí. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìkejì, níbi tí mo ti wà láti ọdún mọ́kànlá. Orúkọ rẹ̀ wà lókè orúkọ mi lára ògiri. Àwọn èèyàn á wá máa kí mi: "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ yín ti jù yín lọ!" Màá rẹ́rìn-ín. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ fi ìdíje ọjọ́ kan mú ẹnì kan látọ̀dọ̀ wa lọ ṣojú ìpínlẹ̀ nínú kíláàsì ọ̀dọ́. Kíláàsì ọ̀dọ́ ò gba ẹni tó bá ti lé lógún ọdún, ọdún yẹn ló sì pé ogún. Tí wọn ò bá mú un lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀, tó ń ta àgádágodo fún àwọn arìnrìn-àjò ní Apákun, ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà pé ọmọ òun ń lọ.

Èmi ni mo ń yẹ ìbọn wò. Irin kan wà tí a máa ń so mọ́ tírígà láti fi wo bó ṣe le tó. A ó gbé ìbọn dúró ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí àjà, kò ní sí ọta nínú rẹ̀, a ó wá rọra fi gbé irin náà kúrò nílẹ̀. Tí tírígà bá gbé e dúró, ìbọn yẹ. Tí tírígà bá yìn fúnra rẹ̀, ó ti fúyẹ́ jù. Òfin sọ pé ìgbà mẹ́ta ni ká gbìyànjú. Tó bá gbé e lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti yege. Tí kò bá tiẹ̀ gbé e rárá, ẹni tó nìbọn lè fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí tírígà le sí i, kó tún gbé e wá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ òfin yìí bí orúkọ ara mi. Òun ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sé èémí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó ka ìwé òfin rí. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà, inú báàgì mi ló ń gbé.

Mo mọ ìbọn rẹ̀ dáadáa, èmi ni mo tún un ṣe. Téèyàn bá rọra, á gbé irin yẹn. Lọ́jọ́ ìdíje náà, mi ò rọra. Mo já a sókè bí ìgbà téèyàn ń fa omi kànga. Tírígà dún "ká!"

Ó wojú mi. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un gbé. Bóyá ọwọ́ ló yẹ̀."

"Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ mi?"

"Rárá o, sà, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, sà."

Mo ṣí ìwé òfin, mo fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn án pé ìbọn tí kò bá gbé irin ò gbọdọ̀ wọlé. Àtàǹpàkò mi bo ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó kà á, ó tún un kà. Obìnrin tó ń kọ máàkì ní tábìlì kejì ní, "Kóòṣì, ẹ ṣàánú ẹ̀ jàre. Ọmọ yín mà ni." Mo ní òfin ò mọ ọmọ olùkọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Láti ọdún méjì, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo tún ga jù ú lọ.

Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí títí ìdíje fi parí, ìbọn lórí itan rẹ̀. Ọmọbìnrin mìíràn tí kò mọ ìdajì ohun tí òun mọ̀ ni wọ́n mú. Ìyẹn lọ, ó gba ipò ìkẹyìn, ó bọ̀.

Mo rò pé yóò kórìíra mi, mo tiẹ̀ ti múra èsì sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ wọlé wá, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ ṣé, sà. Kí wọ́n dá a dúró níbí sàn ju kí wọ́n lọ dójú tì í lọ́hùn-ún. Ẹ ò ṣojúsàájú. Irú yín ò pọ̀ mọ́ l'Ékòó." Ó wá ti ọmọ mìíràn síwájú, àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ èyí náà. Ọwọ́ olóòótọ́ ni mo fẹ́ kó wà."

Mo ní kò sí wàhálà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo gbé ìbọn fún ọmọ náà, mo fún un ní ọta márùn-ún, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo lọ wo páálí, mẹ́rin ti wọ inú dúdú. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo wo ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.