Àwo Oúnjẹ Bíríkìlà

Bíríkìlà kan wà tí kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́, àmọ́ tí kì í pa ọdún ìkórè àwọn Ọmọ Ilẹ̀ jẹ. Àwọn Ọmọ Ilẹ̀ yìí máa ń kóra jọ láti ìlú bíi mélòó kan sórí pápá àgbẹ̀ kan, nígbà tí wọ́n bá ti kórè tán, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀, oòrùn àti òjò. Àwọn aráàlú ń pè wọ́n ní kèfèrí. Àwọn fúnra wọn náà ti sọ orúkọ yẹn di ẹ̀fẹ̀: bí ẹnì kan bá yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò, wọn á ní, "Ẹ wo kèfèrí paraku!" Ẹni tó bá tìtorí ohun abàmì lọ síbẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀rín ló máa bá.

Ìyàwó bíríkìlà ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Télọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, ó mú ọkọ rẹ̀ dání lọ sí pápá. Ọkọ wo ààrò tí wọ́n ń dáná lé, tó ń mì bí eyín arúgbó, ó pòṣé, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà, òun ló ń mọ ààrò fún wọn lọ́dọọdún, pẹ̀lú bíríkì tó jiná dáadáa àti amọ̀ tó pò fúnra rẹ̀, tí ẹnu ààrò á kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, á dúró lẹ́yìn, á ká ọwọ́ gbera. "Èmi o, ohun tí okùn mi bá lè wọ̀n ni mo gbà gbọ́," ló máa ń wí.

Síbẹ̀, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàfàlà. Wọ́n ní òfin kan tí kì í yẹ̀: lọ́jọ́ ọdún ìkórè, àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹun. Àlejò á jẹ, á yó, kí onílé tó fọwọ́ kan ṣíbí. Bíríkìlà sì ni àna gbogbo wọn, nítorí náà àwo tirẹ̀ ló ń ṣáájú, pẹ̀lú ẹran gìdìgbà lórí. Ìyàwó rẹ̀, tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú nídìí ìkòkò, á pariwo sí i pé, "Rọra jẹ ẹ́ o, ọkọ mi! Ààrò lo mọ, o ò sin màlúù!"

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan ni ìyàwó náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò bá òjò náà dópin.

Nígbà tí ìkórè dé, ẹ̀gbọ́n bíríkìlà obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ìjọ tí kì í fi ìsọjí ṣeré, bá a níbi tó ti ń to bíríkì sínú ọkọ̀.

"Ibo lò ń kó bíríkì lọ?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn Ọmọ Ilẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn kèfèrí yẹn náà! Ẹni tó ń mú ẹ lọ ti lọ. Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pè ẹ́ ni?"

"Wọn ò ránṣẹ́. Mo kàn fẹ́ lọ mọ ààrò ni."

"Ṣé bíríkìlà tán láyé ni?"

Ó gbé bíríkì tó kù sínú ọkọ̀. Nílé rẹ̀, àwọn èèyàn kì í dárúkọ ìyàwó rẹ̀ níwájú rẹ̀ mọ́, wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe é. Orí pápá yẹn nìkan ló kù tó dá a lójú pé wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ obìnrin náà, tí wọ́n á máa sín in jẹ. Bí ibẹ̀ náà bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò mọ ibi tó tún kù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn bó ṣe ń wakọ̀ lọ.

Tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ, "Àna wa dé!" ló ń gba ẹnu wọn kan. Wọ́n á gba ẹrù, wọ́n á gbé àga, wọ́n á bu omi tútù. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Onírúgbìn, arúgbó tó ń ta irúgbìn, tó sì jẹ́ olórí wọn, kàn gbójú sókè láàárín àgbàdo tó ń bó.

"Bíríkìlà, o ò tètè dé. Sọ ẹrù kalẹ̀, wá bá mi gbé ìkòkò yìí."

Kò sí àga, kò sí omi tútù. "Bíríkìlà, di okùn àtíbàbà yìí mú!" "Bíríkìlà, igi ti tán!" Wọ́n ń rán an síwá sẹ́yìn. Ó mọ ààrò, ó pọnmi, ó lagi. Ọmọ àlè ló ń rí inú tí kì í bí, inú sì ń bí i wàyí.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, àwo àkọ́kọ́ jáde, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ wọn. "Àna wa, ẹ jẹun dáadáa o!" Àwo kejì kọjá. Ìkẹta kọjá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ti bíríkìlà kì í ṣe ebi. Ìbànújẹ́ ni. Ó gbà nínú ara rẹ̀ pé òótọ́ lẹ̀gbọ́n òun sọ, ikú ti já ohun tó so òun mọ́ wọn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọrí sídìí ọkọ̀.

Ìyá Onírúgbìn tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ilé ni, mà."

"Ilé wo? Ta ló máa fọ àwo àwọn àlejò?"

Sùúrù bíríkìlà tán. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àtọdún tí mo ti ń wá, èmi lẹ máa ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ. Ìyàwó mi wá kú, ó di pé mi ò tiẹ̀ tó àlejò mọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ mi mọ́, ẹ sọ fún mi."

Arúgbó náà lanu, kò lè pa á dé. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Olórí kunkun! Ta lálejò? Ìyàwó ẹ ránṣẹ́ pè mí kó tó lọ. Ó ní, 'Ìyá, ẹ má ṣe ọkọ mi lálejò mọ́ o. Bí ẹ bá ń gbé àga fún un, lọ́jọ́ kan, kò ní wá mọ́. Ẹ máa rán an níṣẹ́.' Ohun tá à ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ṣebí o mọ̀ pé onílé ló ń jẹun kẹ́yìn? A rò pó ti yé ẹ ni!"

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé yìí nìkan ni kò mọ̀ pé òun ti di ọṣẹ. Bíríkìlà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ bá àwọn tó ń fọ àwo.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́. Ẹnì kan ń ròyìn bí télọ̀ yẹn ṣe ran bùbá kan tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, tó sì bá ẹni tó ni ín jà pé apá onítọ̀hún ni kò dọ́gba. Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, ó sunkún títí ó tún fi rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Ó ti fẹ́ràn wọn tipẹ́, kó tó mọ̀.

Àna tuntun wá dá àwo rẹ̀ padà. Ó rí ọwọ́ bíríkìlà nínú ọṣẹ, ó ní òun fẹ́ bá a fọ̀ ọ́.

"Ẹ ṣeun, sà," àlejò náà ní. "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti jẹun?"

Bíríkìlà gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ lọ jókòó, àna wa," ó ní. "Àwa onílé ò tíì jẹun."