Ẹni Tó Ń Ṣí Ìwé Láti Ẹ̀yìn

Wọ́n ní Tíṣà Jacob ni òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo ìlú Ìrókò ló ń sọ ọ́ lọ́dún 1993, ó dé Akínyẹlé, àwọn ọlọ́kadà ń sọ ọ́ fún èrò tí wọ́n gbé sẹ́yìn. Irọ́ ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ìwé ìtàn kékeré kan wà tí gbogbo ìlú ti kà, tó ń sọ ohun tí ojú àwọn ìyàwó ń rí nínú agbo ilé. Orúkọ òǹkọ̀wé tó wà lára rẹ̀ ni "Ará Ìrókò". Ará Ìrókò wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní 1989, òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìlú náà. Ó ti pẹ́ n'Ìbàdàn, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rin ìlú káàkiri kó sì máa kọ ohun tó bá rí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Múyìwá tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì mú ìwé tí òyìnbó náà kọ wá sí ìpàdé ìlú, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Ó kan ibi tí Dorothy ti ní òun bá òǹkọ̀wé ìwé kékeré yẹn pàdé. Ó ní òun yóò pè é ní Samuel, nítorí ẹni náà bẹ òun pé kí òun má tú àṣírí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni Samuel ti ń ṣí ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Ibi tí tèmi parí sí ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá ó fẹ́ mọ òpin ìtàn kó tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni."

Àwọn èèyàn ò jẹ́ kó kà á tán tí wọ́n fi dojú kọ Tíṣà Jacob. Ta ló tún mọ̀wé tó Tíṣà? Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá Ògúnbọ̀dé, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ní wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé tuntun ní Sátidé tó ń bọ̀.

Mùjíbátù, tó jókòó lẹ́yìn nípàdé náà, ò rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ péré ló kà, gàrí ló ń dín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé yẹn ti gún un lára. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti Nimotallahi lábẹ́ páànù ibi tí àwọn méjèèjì ti ń dín gàrí.

"Ìyá Kaothar, ẹ̀yin ni Samuel."

Nimotallahi ń ro gàrí rẹ̀ lọ. "Èmi tí mo bímọ mẹ́rin? Samuel wo ló fọ́mọ lọ́mú rí?"

"Mo máa ń rí yín tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí Kaothar. Ẹ̀yìn lẹ ti ń ṣí ìwé."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ilé kéú bàbá rẹ̀ ni Nimotallahi ti kọ́kọ́ mọ ìwé, ọwọ́ ọ̀tún, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìwé tiwa, ni wọ́n sì ti ń ṣí ìwé Lárúbáwá. Nígbà tó di ìyàwó ilé tó lọ kọ́ a-b-d ní ẹ̀kọ́ àgbà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò yí padà. Òyìnbó ò mọ̀yẹn, ó rò pé ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ ni.

"Nítorí ọkọ mi ni mo ṣe fi orúkọ mi pamọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Àwọn èèyàn rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn."

"Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti ṣaláìsí, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn."

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní kí n lọ dín gàrí mi. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́, Mùjí."

"Ẹ sáà wá sí ìpàdé."

Ní Sátidé, Mùjíbátù gbé ìwé ìkọ̀wé tuntun kan síwájú Tíṣà. "Ẹ kọ gbólóhùn kan fún wa, ká fi ṣèrántí."

Sàníù alápatà ní, "Mùjíbátù, ṣé wọ́n ti gbà ọ́ padà sílé ìwé ni?" Ìpàdé dàrú fún ẹ̀rín.

Tíṣà ṣí ìwé bí gbogbo wa ṣe ń ṣí i, ó kọ gbólóhùn rẹ̀. Mùjíbátù gbà á, ó gbé e fún Nimotallahi. Nimotallahi ò tiẹ̀ rò ó, ó yí ìwé dà, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Gbogbo ẹni tó bá kéwú ló lè ṣe bẹ́ẹ̀," Bàbá Ògúnbọ̀dé wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán," Mùjíbátù dá a lóhùn.

Ó kọ ojú ewé kan gbáko, kò wo ibì kankan. Múyìwá gbà á, ó mú ìwé ìtàn kékeré yẹn dání láti fi wé e, ó ń fìka tẹ̀ lé e. "Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, kí n tó jókòó ni wọ́n ti ní kí n lọ pọnmi." Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀.

Tíṣà Jacob dìde. "Ẹ̀yin lẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi ò pe ara mi, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Ìyá Kaothar, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Òun fúnra rẹ̀ ló mú búrọ́ọ̀ṣì, tó sì fi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: NIMOTALLAHI OYÈBÁNJÍ, ÒǸKỌ̀WÉ. Ọwọ́ rẹ̀ dára, lẹ́tà náà ń dán.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Mùjíbátù ò lè panu mọ́. Ó ń ṣètò bí òun yóò ṣe ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará Akínyẹlé, bí òun ṣe ra ìwé, bí òun ṣe dọ́gbọ́n sí i. Nimotallahi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"O ṣeun, Mùjí. Tó o bá ń ròyìn rẹ̀, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí òyìnbó, má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ. Sọ pé mo kọ ìwé kan."