Obìnrin Tí Wọ́n Ní Ó Sá Lọ

Òyìnbó ni ìyá ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ wa ní Mission Bend, lókè òkun níbí, ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń mú ohùn wọn wálẹ̀: ọ̀rọ̀ obìnrin tó bí ìyá wọn. Kánádà ni ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìtàn tí wọ́n jogún ni pé obìnrin náà bímọ tán, ó sá lọ, ó fi ìkókó sílẹ̀ fún ọkọ. Títí ìyá wọn fi wọ sàréè, "Ìyá mi ò fẹ́ mi" ni wọ́n ń sọ.

Màmá, bí mo ti ń pè wọ́n, fẹ́ mọ ibi tó sá lọ kí àwọn náà tó kú. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Westchase, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń bá wọn, wọ́n ń wo àwòrán àwọn ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì àtijọ́. Orúkọ ọkọ obìnrin náà ni wọ́n fi ń wá a. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ní Sátidé kan, mò ń bẹ iṣu lọ́wọ́, wọ́n pè mí kí n wá bá wọn tún ìwé kan wò. Mo gbé Kútọnu fún ọdún kan nígbà èwe mi, nítorí náà mo gbọ́ Faransé díẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ìkókó kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ọmọ bá ti ìyá wọn mu, ọjọ́ ìbí bá a mu, orúkọ bàbá bá a mu. Màmá sì ti pa á tì láti bí ọdún mẹ́ta!

"Ṣé o ò rí i ni?" ni wọ́n wí. "Orúkọ ìdílé ìyá ọmọ yàtọ̀ sí ti bàbá. Kì í ṣe àwọn ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ wo òyìnbó, wọ́n fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ gbogbo, wọ́n wá gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ pàápàá, orúkọ ọkọ ló wà nínú láísẹ́ńsì mi. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nílé ọkọ, oríkì ilé baba wọn la fi ń kí wọn. Nígbà tí wọ́n kú, a ò gbọ́dọ̀ sin wọ́n títí àwọn ará ilé baba wọn fi dé.

Mo ní, "Màmá, bóyá wọn kì í gba orúkọ baba lọ́wọ́ obìnrin níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn wá a."

Mo tẹ orúkọ náà. Ojú ìwé kan jáde kíá, ìwé ìsìnkú obìnrin náà: ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó bímọ ló kú. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á: ọmọ ilé lágbájá, aya tàmẹ̀dò, ọmọ ọdún méjìlélógún, a sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ yìí.

Orí mi wú. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Gbogbo ìyàwó ilé tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí orúkọ baba rẹ̀ sọnù. Àlùfáà kan jókòó nínú òtútù yìnyín, ó fi gègé kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí wọn ò tíì bí lè mọ ilé tí wọ́n ti wá. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ti rò pé àwa nìkan la mọ̀ ọ́n.

Bóyá bàbá ọmọ náà ò lẹ́nu láti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kú ni, a ò lè mọ̀ mọ́. Màmá dìde, wọ́n gbé fọ́tò ìyá wọn kúrò lára ògiri, wọ́n jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà.

"Mọ́mì," ni wọ́n wí fún fọ́tò náà, "ìyá yín ò sá lọ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló ní, ọ̀dọ̀ yín ló ti lò ó."