Ọjọ́ Tí Wọ́n Bu Àtíkè Lé Mi Lórí ní Bassila

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì ṣe gbọ́n tó, kó gbọ́ èyí: wọ́n rán mi lọ kọ́ nípa kajú ní Bassila lásìkò òjò. Lásìkò òjò! Kò sí kajú kan lórí igi. Ẹyọ kan ṣoṣo báyìí tí mo lè ya fọ́tò rẹ̀, n kò rí. Àwọn àgbẹ̀ ti ká a, wọ́n ti tà á, wọ́n ti kọjú sí iṣu wọn. Ṣùgbọ́n àsìkò fákáǹsì, ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, ni sitáàsì, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi ojú rí, máa ń bọ́ sí, wọn ò sì bi igi kajú bóyá àkókò náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Pòrójẹ̀ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ kajú níṣẹ́ ló gbà mí, bírò kékeré kan lẹ́bàá títì. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin gìrìwò kan tí kò gbọ́ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa, tí kò gbọ́ Anii, Faransé nìkan ló ń fi bá ayé sọ̀rọ̀. Gbogbo obìnrin ló ń pè ní ọmọ òun, títí kan akọ̀wé bírò tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bi mí bóyá mo mọ̀ nípa kafé. Inú mi dùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a kà nípa rẹ̀ lọ́dún kejì, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín àti ilẹ̀ tó fẹ́ràn. Ó wò mí títí, ó wá nawọ́ sí tẹ́mọ̀sì omi gbígbóná tó wà lórí tábìlì. Ó ní ṣúgà méjì lòun ń mu.

Manigri ni mo ń sùn. Màmá mi ló ṣètò rẹ̀ láti Kọ̀tọ̀nú. Ó ní, “Anii ni wọ́n ń sọ ní Bassila, o ò gbọ́ ọ. Lọ sùn síbi tí wọ́n á ti lóye rẹ bí o bá ké gbà mí.” Ó bá fi mí sílé ìyá àgbà kan tó máa ń kó iṣu wá tà fún un, àgbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká. Nàgó tiwọn kì í ṣe ti Kétu tí bàbá mi fi tọ́ wa. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí Ìyá bá sọ̀rọ̀ tán, màá rẹ́rìn-ín, màá sì máa gbàdúrà pé kó má jẹ́ ìròyìn òkú ló ń sọ fún mi.

Ìyá bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Wò ó, báwo lo ṣe fẹ́ pe sitáàsì ní Nàgó? Mo wòkè, mo wolẹ̀, mo ní, “Iṣẹ́ ni mo wá kọ́, Ìyá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ́ kò ṣàjèjì sí Ìyá: ọmọ rẹ̀ kan kọ́ aṣọ rírán, èkejì kọ́ àtúnṣe alùpùpù. Ó mọ̀ pé bí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ tán, àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń lọ bẹ ọ̀gá. Ọmọ á kúnlẹ̀. Ọ̀gá á sọ ohun tó kọ́ ọ lójú gbogbo èèyàn, á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á bu àtíkè lé e lórí, á ṣàdúrà. Ìgbòmìnira nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sọ́gàá tó lè pè é pé kó wá gbálẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọn ò bá sì bu àtíkè lé lórí, ìbáà mọṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni.

Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, Ìyá á bi mí pé, “Kí lo kọ́ lónìí?”

“Kafé, Ìyá.”

“Kò burú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

Lọ́jọ́ kejì, kafé. Lọ́sẹ̀ kejì, kafé, àti pé mo di agboòrùn mú lé ọ̀gá lórí ní abúlé Doguè nígbà tó ń fi Faransé kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá kajú tí kò sí. Nígbà tó di oṣù kejì, Ìyá dá ọmọ odó dúró lókè. “Kafé yìí, ṣé òun ò lópin ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí kò bá sí bírò, oko Ìyá là ń lọ. Iṣu tuntun ti tó wà. Ó fi ọ̀bẹ ìwaṣu kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó kọ́ mi bí a ṣe ń tú ẹ̀gbẹ́ ebè, tí a ó gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, tí a ó sì da erùpẹ̀ padà kí ìtàkùn má bàa mọ̀ pé a wá síbẹ̀. Bí ìtàkùn ò bá kú, á tún ta ọmọ tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo pa ìtàkùn mẹ́ta kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìyá ní ọwọ́ mi dà bíi ti ẹni tó ń jí iṣu.

Oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ, ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé. Bí n kò bá gbé ìwé sitáàsì tí ọ̀gá fọwọ́ sí, tó sì lu òǹtẹ̀, dé Kọ̀tọ̀nú, màá tún ọdún náà ṣe látòkè délẹ̀. Mo tẹ ìwé náà fún ara mi, mo gbé e síwájú ọ̀gá. Ó ní a ó rí i. Lọ́jọ́ kejì, a ó rí i. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ bíi kí n dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kí ló ń lé ọ? Dúró di Kérésì. Bí o bá lọ, ta ni yóò máa ṣe kafé?” Kò fi ṣàwàdà o. Inú bí mi débi pé mo fi iyọ̀ sí kafé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó mu ún tán.

Ìgbà tí mo délé, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Ìyá ní, “Ó kọ̀ láti fún ọ ní òmìnira?”

“Ó kọ̀.”

“Ta ló lọ bẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Ọmọ iṣẹ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀? Háà! O ò ní èèyàn ni?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé sitáàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti dìde, ó ń wá gèlè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kó àwọn àgbẹ̀ Manigri jọ sí ìta bírò láti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fowó sí pòrójẹ̀ náà. Ó ń to àga lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú tákísì, òun àti àwọn ìyá méjì mìíràn, iṣu ńlá lórí, agolo àtíkè lọ́wọ́. Ìyá ní, “Àsàlámù àlékúmù.” Gbogbo àwọn àgbẹ̀ dìde láti kí i. Ìyá ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọ̀gá bi mí pé kí lèyí. Àṣé èmi náà ni ògbufọ̀! Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo ń túmọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ,” Ìyá wí. “A wá gba ọmọ wa. Kí lẹ kọ́ ọ?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá kó Faransé gígùn jáde, nípa ìmọ̀ tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo ní, “Ó ní òun fún mi ní ìmọ̀.”

“Ìmọ̀ wo?”

Mo túmọ̀ rẹ̀, ọ̀gá tún àga kan tò. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Akọ̀wé bírò, ẹni tó gbọ́ Nàgó dáadáa, sọ láti ojú fèrèsé pé, “Kafé!” Ẹ̀rín bú. Bàbá kan rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ bọ́.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. “Irinṣẹ́ rẹ̀ dà?” Akọ̀wé gbé tẹ́mọ̀sì jáde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ìyá ṣí agolo, ó sọ fún ọ̀gá pé kó tẹ́ ọwọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n jókòó ná, kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó. Àwọn àgbẹ̀ ní ta ló ń jókòó nígbà tí ọmọ wà lórí ìkúnlẹ̀? Fọ́tò ń bàjẹ́ lọ.

Ó yíjú sí mi. “Kí ni wọ́n ní kí n ṣe?”

Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Àṣà wọn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé mi, kí ẹ lu òǹtẹ̀, kí ẹ tó bu àtíkè.”

Ó fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀. Ó bu àtíkè lé mi lórí bí ẹni tó ń da yanrìn sí iná, ó fi Faransé ṣàdúrà, gbogbo Manigri ṣe àmín láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn àgbẹ̀ jókòó, wọ́n ya fọ́tò wọn.

Ìyá ló sìn mí dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ó gba tẹ́mọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó ní òun á dá a padà fún wọn. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fa ọ̀bẹ ìwaṣu kékeré yẹn yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Má gbọn orí rẹ títí o ó fi délé.” Ó yíjú padà kíákíá, ó ń bá awakọ̀ jà pé kó má sáré.

Gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń kí mi kú oríire nítorí àtíkè náà. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ta lọ̀gá mi. Mo la ẹnu kí n dárúkọ pòrójẹ̀ náà, ohun tó jáde ni, “Ìyá kan ní Manigri.”

“Kí ló kọ́ ọ?”

Mo di ọ̀bẹ ìwaṣu náà mú, omi bọ́ lójú mi. Obìnrin náà rò pé àtíkè ló kó sí mi lójú, ó na ìnujú rẹ̀ sí mi. Mo gbà á, mo nu ojú mi. N kò fọwọ́ kan orí.